Ta Ló Ń Tọ́jú Ẹni Tó Ń Kọ́ Ìtọ́jú? Ìtàn Àtìlẹ́yìn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn láti 1855

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtùpà nínú ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí: ìtàn àtìlẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń rí gbà láti ọjọ́ tó bá wọlé ẹ̀kọ́ títí di ọjọ́ tó bá búra gẹ́gẹ́ bíi dókítà.

Nínú ìtàn náà, ìgbà púpọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú tí àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ kò wo ẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní ara rẹ̀ kò le, wọ́n á ní ọpọlọ rẹ̀ kò gba ìwé, wọ́n á ní kì í ṣe irú ẹ̀kọ́ tó yẹ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tú ìtàn náà wò, ohun tí à ń rí ni pé ẹni tí yóò dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń ṣọ̀wọ́n. Níbi tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì ti wà, kì í sábà jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ yàn án. Ẹbí, ẹgbẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ dókítà, kó ṣe sùúrù fún wa. Èdè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Ilé ọ̀gá, ilé ẹ̀kọ́

Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó tó dé, ilé ọ̀gá ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ń gbé. Níbẹ̀ ló ti ń jẹun, níbẹ̀ ló ń sùn sí. Ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ roko, ó ń bá a já ewé, ó ń wá egbò igi, ó ń gún àgúnmu, ó sì ń wo bí ọ̀gá ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Bí ara ọmọ náà kò bá yá, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ náà ni yóò tọ́jú rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ojú kan náà ló ń rí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

A kò sọ pé adùn nìkan ló wà níbẹ̀ o. Àwọn ọ̀gá kan lo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bí ẹrú, ọdún ìkọ́ṣẹ́ sì lè gùn ju bí a ṣe pinnu lọ. Ṣùgbọ́n kókó kan wà tó yẹ ká mú dání: ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ibùsùn àti etí tó ń gbọ́ wà nínú ilé kan ṣoṣo. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó dé, ó mú ẹ̀kọ́ nìkan kúrò nínú ilé náà. Àwọn mẹ́ta yòókù ni ìtàn yìí ń wá kiri láti ìgbà náà.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n rán lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ní 1855, Iléeṣẹ́ Ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣòro kan. Àwọn dókítà òyìnbó tí wọ́n ń rán wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń kú bí ewé. Wọ́n wá bá ìjọ CMS sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bá àwọn wá ọ̀dọ́ adúláwọ̀ tí àwọn lè kọ́ ní ìṣègùn fún iṣẹ́ ológun. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n mú ní Fourah Bay ní Sàró: James Beale Horton, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò, William Broughton Davies, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti Samuel Campbell. Ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni Horton àti Davies. King's College ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n rán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Àtìlẹ́yìn tí wọ́n ṣe fún wọn kò kéré nípa owó. Ìjọba ló san owó ẹ̀kọ́ àti owó ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n òtútù kò mọ ẹni tí ìjọba ń sanwó fún. Àìsàn mú Campbell, wọ́n dá a padà sí Sàró, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àwọn méjì yòókù parí. Davies gba oyè dókítà ní St Andrews, Horton gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní 1859. Horton fi Africanus kún orúkọ rẹ̀, ó sì wá di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn méjèèjì wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bíi dókítà.

Ohun tó yani lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀lé e. Horton rọ Iléeṣẹ́ Ogun pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ sí i, kí wọ́n tilẹ̀ dá ibi ìkọ́ni sílẹ̀ ní Áfíríkà. Àwọn dókítà òyìnbó tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀wé tako ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun kò ní fọkàn tán dókítà aláwọ̀ dúdú. Iléeṣẹ́ náà sì pa ètò náà tì. Méjì nínú mẹ́ta yege, síbẹ̀ wọ́n ka ètò náà sí èyí tí kò yẹ láti tẹ̀síwájú. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀yìn.

Àwọn tó lọ lẹ́yìn wọn, owó ẹbí, owó ìjọ tàbí owó ara wọn ni ọ̀pọ̀ wọn fi lọ. Nathaniel King, tó kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ Dókítà Harrison ti CMS ní Abẹ́òkúta, wà nínú wọn. Obadiah Johnson wà níbẹ̀, àbúrò Samuel Johnson tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò lè ṣàìmọ̀. Obadiah yìí ló tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ sọnù. Oguntola Sapara náà wà níbẹ̀, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ ìpo-oògùn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1888. Gbogbo wọn di gbajúmọ̀ ní Èkó. Àwọn tó yege ni ìtàn ń dárúkọ. Irú Campbell kì í ní orí nínú ìwé.

Amòfin tó wá ilé fún wọn

Nígbà tí ọdún 1920 ń lọ, akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin àti ìṣègùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kọ́. Ìṣòro tó kọ́kọ́ ń pàdé wọn kì í ṣe ìwé, ilé ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á kan ilẹ̀kùn, onílé á wo àwọ̀ rẹ̀, á ní wọ́n ti gba yàrá náà. Ẹni tó bá fi odidi ọjọ́ wá ibi tí yóò sùn, báwo ni yóò ṣe ka orúkọ egungun ní alẹ́?

Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, wà lára wọn. Òfin ló ń kọ́, ó sì ń kọ́ àwọn òyìnbó ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti fi rí owó. (Ẹ rí i pé èdè yìí ti ń bọ́ ènìyàn ṣáájú wa.) Ní oṣù Kẹjọ 1925, òun àti Herbert Bankole-Bright, dókítà ọmọ Sàró, dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU. Amòfin kan àti dókítà kan ló dá a sílẹ̀. Láti 1929 títí di 1932, Ṣólàńkẹ́ rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, oníṣòwò àti ará ìlú, kí wọ́n lè ní ilé tiwọn. Ní 1933, ilé WASU ṣí ní nọ́ńbà 62, Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó, ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ló ń mójú tó inú ilé. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ń rí yàrá, ó ń rí oúnjẹ ilé, ó sì ń rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní 1934, ìjọba amúnisìn náà ti ilẹ̀kùn ilé tiwọn sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n pe é ní Aggrey House. WASU kò gbà, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má lọ síbẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ìjọba fẹ́ fi ilé náà ṣọ́ wọn ni. Ìjà yẹn kọ́ wa ní nǹkan kan tó ṣì wúlò lónìí: ilé lè dára, bẹ́ẹ̀dì lè rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ilé náà bá tún jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, o kò ní lè sọ òótọ́ níbẹ̀.

Yábàá: ẹ̀kọ́ tí kò ní orúkọ

Ní ilé, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ni ìṣègùn ní Yábàá ní 1930, Yaba Higher College sì ṣí ní gbangba ní 1934. Ẹ̀kọ́ náà le, ọdún rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fi ń parí kò jẹ́ ti dókítà. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n ń dà, lábẹ́ òyìnbó. Ìwé-ẹ̀rí náà kò ní iyì lókè òkun. Iye ẹni tí wọ́n ń gbà wọlé sì dá lórí iye ààyè iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba.

Ohun tí ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ń ka ìwé kan náà bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ Edinburgh, tó ń fọwọ́ kan òkú kan náà, tó sì mọ̀ pé bí òun bá yege pátápátá, olùrànlọ́wọ́ ni òun yóò jẹ́. Àtìlẹ́yìn àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò ni kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ já sí nǹkan. Ní 1934, àwọn ọmọ Èkó kan kóra jọ láti bá Yábàá jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya, H. O. Davies àti Dókítà J. C. Vaughan ni wọ́n, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni Lagos Youth Movement, èyí tó wá di ẹgbẹ́ òṣèlú tó gba ìlú kan. Vaughan fúnra rẹ̀ ti gboyè ní Glasgow. Dókítà tó ti gòkè ló yíjú padà láti na ọwọ́ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ìjà ìwé-ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tó bí òṣèlú òmìnira wa.

Ìbàdàn: yàrá, oúnjẹ, ilé ìwòsàn

Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 kó kúrò ní Yábàá lọ sí Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, níbi tó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun nígbà ogun. Bí University College Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìṣègùn sì wà lára ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ẹjọ́ Yábàá tán. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ilé ìwòsàn tó tó fún ìkọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ń ka apá ìbẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún apá tó jẹ mọ́ aláìsàn. Ìgbà tí UCH ṣí ní 20 oṣù Kọkànlá 1957 ni nǹkan yí padà. Nígbà tó di 1960, àwọn tó kọ́ gbogbo ìṣègùn wọn ní Ìbàdàn ti jáde.

Ìbàdàn ìgbà náà sún mọ́ ilé ọ̀gá ju ohun tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú gbọ̀ngán, ó ń jẹun ní yàrá oúnjẹ, ó ní olùkọ́ tó ń ṣe alábòójútó gbọ̀ngán, ó ní ilé ìwòsàn Jaja tó lè wọ̀ bí ibà bá mú un. Àwọn tó ti dé ìpele wọ́ọ̀dù wá ní gbọ̀ngán tiwọn nínú ọgbà UCH, Alexander Brown Hall, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn pè. Ẹni tí wọ́n bá pè ní òru kò ní rìn jìnnà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣe tiwọn: ní 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n pè ní *Dokita*, níbi tí ẹni tó ṣáájú ti ń kọ̀wé fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ yẹ̀ lára gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1971, ìfẹ̀hónúhàn kan ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní gbọ̀ngán kan. Ọlọ́pàá yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú sì kú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ títí dòní. Ní 1978, nígbà tí ìjọba fẹ́ sún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti ₦1.50 lójúmọ́ sí ₦2, gbogbo yunifásítì dìde, ìyẹn ìjà tí àwọn òbí wa mọ̀ sí "Ali Must Go". Nígbà tó fi di 1984, ìjọba ti yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà náà, olúkúlùkù ń dáná tirẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó jí ní agogo márùn-ún, tó lo ọjọ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tó sì tún ní iṣẹ́ alẹ́, sítóòfù kẹrosíìnì wá di iṣẹ́ mìíràn lórí iṣẹ́.

"Orí mi ń gbóná"

Ibi tí èdè ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé.

Ní 1954, Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, padà wálé láti mójú tó ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Arò. Ohun tó ṣe níbẹ̀ sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé: dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ẹbí aláìsàn kan á wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè láti bá a ṣiṣẹ́. Lambo mọ̀ pé ènìyàn kì í dá nìkan gbádùn.

Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, bá a ṣiṣẹ́ ní Arò ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó ṣàkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà: bí mo bá ṣí ìwé, orí mi á máa gbóná, ohun kan ń rìn nínú orí mi, ojú mi ń ṣú, mò ń kàwé, kò wọlé. Ní 1960 ó kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀, ó sì fi orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lò pè é, "brain fag". Àárẹ̀ ni "fag" yẹn túmọ̀ sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Prince rò pé ìjà wà láàárín bí a ṣe tọ́ ọmọ Áfíríkà dàgbà, níbi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ ti agbo ilé, àti ẹ̀kọ́ òyìnbó tó ní kí kálukú jókòó ti ìwé tirẹ̀.

Orúkọ náà rin ìrìn-àjò. Ní 1994, ó wọ ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àrùn, lára àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àṣà kan. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun jáde ní 2013, wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn olùwádìí, tí ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ti fi hàn pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ń ṣàròyé "brain fag" nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ọ̀rọ̀ náà tó wọkọ̀ wá sílẹ̀ wa. Olúfẹ́mi Mórákinyọ̀ ti Ifẹ̀ náà ti tọ́ka sí nǹkan tí kò ní àwọ̀ rárá: àìsùn, àti oògùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mu láti fi lé oorun nígbà ìdánwò. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní àìsàn ọmọ Áfíríkà jẹ́ ohun tí yóò ṣe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé ẹrù tó pọ̀ jù lé lórí tí wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ní 1987, R. O. A. Makanjuola kọ nípa òde orí láàárín àwọn aláìsàn Yorùbá. Àwa tó gbọ́ èdè mọ òde orí. Ẹni tó ní "orí mi ń hó" tàbí "inú mi kò dùn sí ara mi" kì í sọ nípa egungun agbárí. Ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù ló ń sọ, ara ló fi ń sọ ọ́ nítorí ibẹ̀ ni èdè wa ń gbé ìbànújẹ́ sí: inú bàjẹ́, ọkàn pòrúúru, orí gbóná, ọwọ́ rọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ bá olùgbaninímọ̀ràn pé "orí ń fọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta", tí wọ́n fún un ní paracetamol tó sì padà sí yàrá, kì í ṣe pé kò wá ìrànlọ́wọ́. Ó wá a, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, a kò gbọ́.

Lambo tẹ̀síwájú. Ní 1960 kan náà, wọ́n tẹ ìròyìn tó kọ lórí ìṣòro ìgbé-ayé àti ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland jáde ní Ìbàdàn. Ìjọba wa fúnra rẹ̀ ti rí i pé ẹni tí wọ́n rán lọ lè padà wálé láìpé. Campbell ti 1855 ti wá ní ẹni tó bi ìbéèrè nípa irú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 105. Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ó sì di gíwá yunifásítì náà ní 1968. Òun ni gíwá ní ọjọ́ tí Adépéjú kú. A kò fi èyí dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé mímọ̀ nìkan kò tó. Ọkùnrin tó mọ ìrora akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ ní Nàìjíríà wà lórí àga, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ oúnjẹ di ọ̀rọ̀ ìbọn. Ètò ló yẹ kó dúró, kì í ṣe ènìyàn rere kan.

Ibi mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Ọdún mẹ́fà ni ìwé sọ pé a fi ń kọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà. Ìyanṣẹ́lódì ti sọ ọ́ di méje tàbí mẹ́jọ fún ọ̀pọ̀. Bí a bá bá àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ọ sọ̀rọ̀, ibi mẹ́ta ni wọ́n máa ń tọ́ka sí.

Èkíní ni yàrá tí wọ́n ti ń la òkú. Ọmọ ogún ọdún, tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó rí òkú bàbá àgbà rẹ̀, yóò dúró ti òkú fún oṣù gbọọrọ. Àṣà wa ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ fún òkú: a ń wẹ̀ ẹ́, a ń kí i, a ń bẹ̀ ẹ́. Nínú yàrá yìí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Oorun a dá, oúnjẹ a kọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a máa rẹ́rìn-ín kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà mọ̀.

Èkejì ni ìdánwò tó parí apá ìbẹ̀rẹ̀, Second MB. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ènìyàn. Ẹni tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì láti jẹ́lé-ó-sinmi yóò wo pátákó èsì, kò ní rí nọ́ńbà rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, orúkọ tí gbogbo àdúgbò ti ń pè é, "Dókítà", di ẹrù. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kó pe ilé.

Ẹ̀kẹta ni wọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí aláìsàn àkọ́kọ́ bá kú lójú rẹ̀. Ẹbí òkú ń sunkún, dókítà àgbà ń kọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí igun. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n á bi í léèrè ìbéèrè lórí aláìsàn mìíràn.

Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló ń dúró tì í? Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún kan ni, tó ń fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń kàwé lálẹ́ ni. Ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ mùsùlùmí tó ń se ìrẹsì ní ọjọ́ ìsinmi ni. Ìyá tó ń pè lórí fóònù ni. Ilé WASU ni gbogbo wọn, láìní àdírẹ́sì.

Ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù pé ohun tí òun bá sọ yóò dé etí àwọn tí yóò máàkì ìwé òun. Aggrey House tún ti padà wá. Òfin ìlú náà kò ràn wá lọ́wọ́ tó: abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ka ẹni tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, tí wọ́n lè sọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Báwo ni ẹni tí èrò bẹ́ẹ̀ ń bá jà yóò ṣe la ẹnu? Ìrètí díẹ̀ wà o. Ní oṣù Kìíní 2023, ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin ayé amúnisìn tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ní 2024, òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde, NELFUND sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó yá a. Owó dára. Ṣùgbọ́n Iléeṣẹ́ Ogun náà sanwó fún Campbell.

Kí á wo ẹ̀yìn

Kí ni ìtàn yìí ní kí á ṣe? Nǹkan mẹ́ta ni a rí kọ́ nínú rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀dùn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe wà lábẹ́ ọ́fíìsì tó ń pinnu bóyá yóò yege. Ìjà WASU ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn láti 1934.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí àtìlẹ́yìn má ṣe dúró de ìgbà tí ènìyàn bá ṣubú. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ kò fara sin: yàrá òkú, ọjọ́ èsì, wọ́ọ̀dù. Kí ẹnìkan wà níbẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ tí gbogbo kíláàsì mọ̀, kí ó má baà dà bí ìtìjú láti lọ bá a.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹni náà gbọ́ èdè. Èyí kàn wá gan-an. Ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìṣègùn wà nínú ọgbà kan náà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. A lè kó ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ ìrora ọkàn jọ, ká sì ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ àkànṣe àṣejáde fún ẹnìkan nínú wa.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ti di dókítà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ní Houston, irú Dókítà Vaughan ni a ń fi yín wé. Ó ti gba oyè tirẹ̀ tán kó tó yíjú padà sí Yábàá. Ọmọ kan wà ní ọdún kejì báyìí tó ń wo pátákó èsì tí kò rí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà tún ìdánwò kan ṣe rí, bó bá jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ yín ni ó jẹ́ òótọ́ fún.